Iṣẹ́ Síkáànì Òpójẹ̀ àti Ìgòkè Àwọn Tí Ń Ṣe É: Àgbéyẹ̀wò

Bí a bá ní kí a ka àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn lẹ́sẹẹsẹ, dókítà, nọ́ọ̀sì, apoògùn àti àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan wà láàrin wọn tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà dé ìgboro, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni oníṣẹ́-abẹ yóò fi mọ̀ bóyá kí òun mú abẹ, tàbí kí òun jẹ́ kí abẹ wà nínú àkọ̀. Àwọn ni oníṣẹ́ síkáànì òpójẹ̀, àwọn tí ń fi ohùn wo ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara. Bí iṣẹ́ náà ti ń gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ Yorùbá sì ń wọ inú rẹ̀ lókè òkun àti nílé, ìbéèrè kan wà tí ó tọ́ kí a gbé yẹ̀ wò tọwọ́-tẹsẹ̀: kí ni ń sọ ènìyàn di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, kí ni ó sì ń gbé e gòkè? Ṣé ìwé ẹ̀rí ni, àbí iye ọdún, àbí ẹ̀rọ olówó ńlá? Èrò tèmi, tí n ó gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni pé ìwé ẹ̀rí a máa ṣílẹ̀kùn, ọdún a máa fún ọwọ́ ní ìdúróṣinṣin, ẹ̀rọ a sì máa mú àwòrán mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ ọ́ di àṣà láti máa gbé ohun tí ó kọ síwájú òtítọ́, kí ó rí ibi tí ó ti gbà á àti ibi tí ó ti ṣì í, kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ìgòkè, bí ó ti wù kí oyè rẹ̀ gùn tó.

Oríṣi òpójẹ̀ méjì ni ó ṣe gbòógì nínú ara: àlọ, tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara, àti àbọ̀, tí ń kó o padà wálé. Bí àlọ bá fún ní ọrùn, ọpọlọ wà nínú ewu rọpárọsẹ̀. Bí ó bá dí ní ẹsẹ̀, egbò tí kì í jinná àti gígé ẹsẹ̀ ni ó ń bọ̀ lọ́nà, pàápàá fún ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. Bí àlọ ńlá inú ikùn bá wú títí tí ó fi bẹ́, ikú ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dì nínú àbọ̀ ẹsẹ̀, ègé rẹ̀ lè já, kí ó gòkè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì mú ẹni tí ń rẹ́rìn-ín ní òwúrọ̀ lọ kí alẹ́ tó lẹ́. Gbogbo ewu wọ̀nyí ni oníṣẹ́ síkáànì òpójẹ̀ ń wá kiri láìfi abẹ kan aláìsàn lára, láìgún un ní abẹ́rẹ́, láìsì lo ìtànṣán tí ó lè pa á lára. Ohùn nìkan ni ó ń lò, ohùn tí ó ga ré kọjá èyí tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́.

Ìmọ̀ tí iṣẹ́ yìí dúró lé kò ti ilé ìwòsàn wá rárá. Ní ọdún 1842, ní ìlú Prague, Christian Doppler, ọmọ bíbí Salzburg, ka ìwé kan níwájú àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí ń rìn ní méjì-méjì. Ó ní bí ohun tí ń tàn tàbí tí ń dún bá ń sún mọ́ni, ìgbì rẹ̀ a máa sún jọ, bí ó bá sì ń jìnnà síni, ìgbì náà a máa ya síra. Ní ọdún 1845, Buys Ballot, ọmọ ilẹ̀ Dutch, kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin, ó fi àwọn tí etí wọn mọ́ nínú orin sí ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn yẹn sì jẹ́rìí pé ohùn fèrè ga bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ó sì rẹlẹ̀ bí ó ti kọjá. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà, láàrin àwọn ọdún 1950, kí Shigeo Satomura ní ìlú Osaka tó darí ohùn àìgbọ́ sí ọkàn àti sí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, tí ó sì fi ìyípadà ohùn tí ó padà wá mọ bí wọ́n ti ń rìn. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dé ọwọ́ Eugene Strandness, oníṣẹ́-abẹ ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ẹni tí òun pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ títí tí a fi rí ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán òpójẹ̀ àti ìró ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ hàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní àwọn ọdún 1970. Strandness papò dà ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n kò sí yàrá síkáànì òpójẹ̀ kan lónìí tí kò jẹ nínú ogún rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe dókítà àti onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni ó gbé iṣẹ́ náà dé ibi tí ó dé. Ní ọdún 1982, Steve Talbot, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ síkáànì, kọ ìròyìn kúkúrú kan sínú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní Bruit, lórí bí a ṣe lè fi àwòrán ohùn mọ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú àbọ̀ ẹsẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, abẹ́rẹ́ ni a fi ń fún oògùn sínú ẹsẹ̀ aláìsàn tí a ó sì ya á ní ìtànṣán; lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà tẹ̀-ẹ́-wò ni ó gba gbogbo ayé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń wà lára aláìsàn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ a máa rí ohun tí ẹni tí ń ka ìwé lókèèrè kò lè rí, bí ó bá ti lè ní ìgboyà láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ iṣẹ́ náà kí a wo bí a ti ń ṣe é. Obìnrin kan wọlé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó ń ro ó, ó sì gbóná. Oníṣẹ́ síkáànì yóò tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tí orí rẹ̀ ga díẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀, kí àbọ̀ lè kún. Yóò ní kí ó ká orúnkún rẹ̀ díẹ̀ kí ó sì yí i síta. Yóò fi jẹ́ẹ̀lì sí ibi tí itan ti pàdé ikùn, yóò sì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e ní ìbú. Ihò roboto méjì ni yóò hàn nínú àwòrán: èyí tí ń sọ kìkì ni àlọ, èyí tí ó dákẹ́ ni àbọ̀. Nígbà náà ni yóò tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Bí àbọ̀ bá pa ojú dé pátápátá tí ògiri rẹ̀ méjèèjì fi ẹnu kan ara wọn, ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá kọ̀ tí kò pa ojú dé, ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i. Yóò tú ọwọ́ sílẹ̀, yóò sún sísàlẹ̀ bí sẹ̀ǹtímítà 2, yóò tún tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ ní gbogbo gígùn itan, dé ẹ̀yìn orúnkún, dé ẹ̀yìn ojúgun níbi tí àwọn àbọ̀ kéékèèké ti ń rìn ní méjì-méjì, títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ itan, níbi tí àbọ̀ ti ri sínú ẹran, yóò fi ọwọ́ kejì ti itan láti ẹ̀yìn kí ó tó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí aláìsàn bá sanra, tí ẹsẹ̀ ń dùn ún tí ó ń kígbe, tí àwọn mẹ́rin mìíràn sì jókòó síta tí wọ́n ń retí, ìdánwò a máa wá láti fo ibi tí ó le, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ mọ́.

Níhìn-ín gan-an ni ìyàtọ̀ iṣẹ́ yìí sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Àwòrán ìtànṣán tí a yà lónìí, dókítà mìíràn lè gbé e yẹ̀ wò lọ́la, kí ó rí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò rí. Ṣùgbọ́n ibi tí oníṣẹ́ síkáànì kò bá gbé ọwọ́ ẹ̀rọ dé, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí yóò rí i nínú àwòrán tí ó kó sílẹ̀, nítorí òun nìkan ni ó yan èyí tí a ó fi pamọ́. Nítorí náà ni òtítọ́ inú fi jẹ́ irinṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé, “N kò rí ibí yìí dáadáa, nítorí egbò wà lójú ọ̀nà,” ti ṣe ohun tí ó níyì ju ti ẹni tí ó fi ẹnu dídùn bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé dókítà tí ó ka ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ yóò wá ọ̀nà mìíràn, èyí tí ó ka ti èkejì yóò sì rán aláìsàn lọ sílé.

Ìmọ̀ ìṣirò náà kò gbẹ́yìn. Bí a bá ń wo àlọ ọrùn, ìyára ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ bí ó ti fún tó, nítorí pé ibi tí ọ̀nà bá ti há ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fẹnu kò lé lórí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2003, bí ìyára náà bá tó sẹ̀ǹtímítà 125 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ó fura pé òpójẹ̀ náà ti fún dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá kọjá 230, a ó fura sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè mọ ìyára náà àfi bí oníṣẹ́ bá kọ́kọ́ sọ fún un igun tí ohùn fi pàdé ẹ̀jẹ̀, igun tí kò sì gbọdọ̀ ju dígírì 60 lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó: bí igun òtítọ́ bá jẹ́ 60, tí ìyára òtítọ́ sì jẹ́ 120, tí oníṣẹ́ wá ṣèèṣì fa ìlà rẹ̀ sí 65, 142 ni ẹ̀rọ yóò kọ, ẹni tí kò tó ẹni à ń bẹ̀rù fún yóò sì bọ́ sínú ìwé àwọn tí òpójẹ̀ wọn ti fún dé ìdajì. Dígírì márùn-ún péré, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan, ì báà wọ́n ju wúrà lọ, tí ó lè gba ọwọ́ àìbìkítà sílẹ̀ lọ́wọ́ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń wọ inú iṣẹ́ náà? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti kọ́kọ́ di iṣẹ́ tí ó dá dúró, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977, òun ni a mọ̀ sí Society for Vascular Ultrasound lónìí. Àjọ ARDMS tí ń ṣe ìdánwò sì ti wà láti ọdún 1975. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ wọlé a máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́rin, a máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà a jókòó fún ìdánwò méjì: ọ̀kan lórí ìmọ̀ ohùn àti ẹ̀rọ, èkejì lórí òpójẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá yege nínú méjèèjì láàrin ọdún márùn-ún ni a ń fún ní oyè RVT. Àjọ kejì, CCI, ní oyè tirẹ̀ tí à ń pè ní RVS. Oyè wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì gbàgbé, nítorí pé ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹni tí ó ní RVT gbọdọ̀ fi hàn pé òun ti kó ẹ̀kọ́ tuntun tí ó tó 30 wákàtí jọ. Ìpínlẹ̀ díẹ̀, bí Oregon àti New Mexico, ni òfin ti sọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ síkáànì láìgba ìwé àṣẹ ìjọba. Níbi tí ó kù, ilé ìwòsàn àti àwọn tí ń sanwó ìtọ́jú ni ń béèrè ìwé ẹ̀rí náà, ìbéèrè wọn sì le tó òfin.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn tiwọn dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1992, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òpójẹ̀ ni wọ́n sì ń pe ara wọn, nítorí pé láti inú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ọ̀nà àgbà níbẹ̀ ni ètò ìkọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta tí ìjọba ń san owó oṣù fún, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí yóò sì gba oyè kejì ní yunifásítì, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé HCPC, àjọ tí ń fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀. Ó sì jẹ́ ohun ìyanu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹnikẹ́ni ni ó lè pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ síkáànì ní ilẹ̀ náà, nítorí òfin kò dáàbò bo orúkọ yẹn. Ìdánwò ẹgbẹ́, ti ìwé àti ti ọwọ́, ni ó ń ya ọkà sọ́tọ̀ kúrò lára èèpo. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a yìn. Láti ọdún 2009 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkùnrin tí ó bá pé ẹni ọdún 65 wá kí a wo àlọ ńlá inú ikùn rẹ̀: bí ó bá tó sẹ̀ǹtímítà 3, a ó máa ṣọ́ ọ, bí ó bá tó 5.5, a ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó oníṣẹ́-abẹ létí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ní oyè yunifásítì ni a ti kọ́ láti ṣe síkáànì kan ṣoṣo yìí ní àṣepé, láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn sì ti rí ojú ọ̀nà lọ síwájú.

Nílé tiwa ńkọ́? Òfin 42 ti ọdún 1987 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ àwọn oníṣẹ́ àwòrán inú ara sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì sì gba ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n síkáànì òpójẹ̀ kò tí ì di iṣẹ́ tí ó ní ilé àti ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá, dókítà onímọ̀ àwòrán ni ń ṣe é, òun náà sì ni ń wo oyún, tí ń wo ẹ̀dọ̀, tí ń wo ọpọlọ. Ọ̀dọ́ oníṣẹ́ àwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá nínú rẹ̀ kì í rí àtẹ̀gùn kankan níwájú rẹ̀ tí ó lè gùn, àfi kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú ọba. N kò dá ẹni tí ó lọ lẹ́bi, nítorí pé ibi tí a bá ti mọ iyì ẹni ni ọkàn ń fà sí; ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwa tí a ra ẹ̀rọ tí a kò sì ra sùúrù láti kọ́ ọwọ́ tí yóò lò ó.

Ìgòkè nínú iṣẹ́ yìí kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lè di olórí yàrá. Ó lè di olùkọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó lè lọ bá àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ, kí ó máa kọ́ àwọn ilé ìwòsàn bí a ti ń lò ó. Ó lè wọ inú iṣẹ́ ìwádìí. Ní Amẹ́ríkà, ó lè máa gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 13 láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ọdún márùn-ún wà tí ń gbé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dé ipò tí ó bá ti dókítà àgbà dọ́gba. Owó rẹ̀ kò sì kéré: gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fún ọdún 2023, ẹni tí ó wà láàrin-méjì nínú àwọn oníṣẹ́ síkáànì ń gba ju 80,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti kíyè sí i pé àwọn tí oníṣẹ́-abẹ ń béèrè ní orúkọ, tí wọ́n ń sọ pé, “Ṣé lágbájá ni ó ṣe síkáànì yìí?” kí wọ́n tó gbé abẹ, kì í ṣe àwọn tí oyè wọn pọ̀ jù ni wọ́n. Àwọn ni ó máa ń bi oníṣẹ́-abẹ léèrè lẹ́yìn iṣẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ bá níbẹ̀?”

Àṣà yìí kì í ṣe ti ènìyàn rere kan tàbí méjì. Orí rẹ̀ ni a kọ́ iṣẹ́ náà lé. Àwọn ìlànà ìyára ẹ̀jẹ̀ tí à ń lò lónìí, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni yàrá Seattle, níbi tí Strandness àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń gbé èsì síkáànì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìtànṣán aláìsàn kan náà, tí wọ́n sì ń tún ìlànà wọn ṣe títí tí méjèèjì fi bá ara wọn mu. Lónìí, àjọ IAC tí ń fún yàrá síkáànì ní ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà kò ní fún yàrá tí kò bá lè fi hàn pé òun ń fi èsì òun wé ohun tí a rí ní ọ̀nà mìíràn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọgbọ́n àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ni pé wọn kò dúró de ọjọ́ náà, wọ́n ń ránṣẹ́ pè é lóṣooṣù. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń pa ìwé kékeré kan mọ́, tí ó kọ ohun tí ó rí sí apá kan, tí ó sì kọ ohun tí abẹ tàbí àwòrán mìíràn fi hàn sí apá kejì, yóò kọ́ nínú ọdún kan ohun tí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ nínú mẹ́wàá.

Ìnira iṣẹ́ náà wà, kò sì yẹ kí a fi bò fún ẹni tí ń bọ̀. Èyí tí ó tóbi jù ni ti ara. Apá tí a nà síta fún wákàtí púpọ̀, ọrùn tí a yí sí ojú ẹ̀rọ, ọwọ́ tí ń tẹ, a máa ba èjìká àti ọrùn ọwọ́ jẹ́; nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn oníṣẹ́ síkáànì ní ìhà Àríwá Amẹ́ríkà ni ó sọ pé àwọn ń ṣiṣẹ́ nínú ìrora. Àwọn kan ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìgbà tí ìmọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Oògùn rẹ̀ kò ju kí a fa aláìsàn súnmọ́ra, kí a gbé ibùsùn àti àga sí gíga tí ó bá ara mu, kí ìgúnpá má jìnnà sí ìhà, kí a máa lo ọwọ́ òsì àti ọ̀tún ní ìpààrọ̀; ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ń to aláìsàn sórí aláìsàn láìfi ààyè sílẹ̀ fún ìsinmi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ irinṣẹ́ tí owó kò lè rà. Ìnira kejì ni ìpè òru, nítorí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ kì í dúró de ọjọ́ Ajé.

Àríyànjiyàn kan tún wà tí ó yẹ kí a dá sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ síkáànì a kó àwòrán jọ, a kọ ohun tí ó rí, dókítà ni yóò sì fọwọ́ sí èsì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òpójẹ̀ ni ó máa ń kọ èsì tirẹ̀ tí yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn kan ní ti Amẹ́ríkà ni ó ní ààbò, nítorí ojú méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Àwọn kan ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó fún òṣìṣẹ́ ní iyì. Èmi gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ náà ni ó mọ̀ ọ́n jù, ó sì tọ́ kí orúkọ rẹ̀ hàn lórí ìwé pẹ̀lú ti dókítà, nítorí pé ènìyàn kì í ṣọ́ra tán lórí iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀ràn àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí, kí ó wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nàìjíríà ni a ti ń bí àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí jù lọ ní gbogbo ayé, wọ́n ju 100,000 lọ lọ́dọọdún. Bí a kò bá sì ṣe nǹkan kan sí i, bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ni rọpárọsẹ̀ yóò kọlù kí wọ́n tó pé ẹni ogún ọdún. Ní ọdún 1982, Rune Aaslid fi hàn ní ìlú Bern pé ohùn lè gba ibi tí egungun orí ti fẹ́lẹ́ kọjá, kí ó sì mọ ìyára ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ. Robert Adams ní ìlú Augusta ní Georgia lo ìmọ̀ náà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó sì rí i pé àwọn tí ìyára ẹ̀jẹ̀ wọn dé sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ewu wà lórí wọn jù. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1998, a pín 130 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì: nínú 67 tí a ń tọ́jú bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, 11 ni rọpárọsẹ̀ kọlù; nínú 63 tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé, ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ọmọ náà gbọdọ̀ jí sílẹ̀, kí ó fara balẹ̀, kí ara rẹ̀ má gbóná, nítorí pé oorun, ẹkún àti ibà a máa yí ìyára ẹ̀jẹ̀ padà. Oníṣẹ́ yóò gbé ọwọ́ ẹ̀rọ kékeré lé ẹ̀bátí rẹ̀, níwájú etí. Nínú ẹ̀rọ tí ó rọrùn jù, kò sí àwòrán kankan tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, ìró ẹ̀jẹ̀ nìkan ni yóò máa fi etí tẹ̀ lé bí ó ti ń yí ọwọ́ padà díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi rí ibi tí ìró náà ti le jù, yóò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bátí kejì. Ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí ó bá kánjú, tí ó dúró níbi ìró 170 nígbà tí 210 wà ní ìtòsí, ti rán ọmọ olọ́mọ padà sílé pẹ̀lú ewu lórí rẹ̀. Ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ní ilé ìwòsàn UCH, a ti ń yẹ àwọn ọmọ wò ní ọ̀nà yìí fún ọdún púpọ̀. Ní Kánò, àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí tí ó fi hàn pé oògùn hydroxyurea lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ níbi tí ẹ̀jẹ̀ fífà ti ṣòro. Oògùn wà, ìmọ̀ wà, ẹ̀rọ náà kò sì tóbi ju ohun tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́. Ọwọ́ tí a kọ́ ni kò tó.

Nítorí náà, ìdájọ́ tí mo dé lẹ́yìn gbogbo àgbéyẹ̀wò yìí kò díjú. Kí ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí gba ìwé ẹ̀rí tí ó bá tọ́, kí ó wá àgbà tí yóò dúró tì í, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kí ó tọ́jú èjìká rẹ̀, kí ó sì máa fi èsì rẹ̀ wé òtítọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí àwọn ọmọ wa tí ó ti di ọ̀gá ní London, ní Houston àti ní ibòmíràn máa fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú ìsinmi wọn kọ́ àwọn ará ilé, ní ilé ìwòsàn kan náà lọ́dọọdún, dípò kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ àlòkù nìkan ránṣẹ́. Kí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn wa dá ipò oníṣẹ́ síkáànì òpójẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù àti ìgbéga tirẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré tí ó ṣe kókó jù, síkáànì ẹ̀bátí fún ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ti ibi síkáànì ikùn kan ṣoṣo kọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí ó bá kọ́ ènìyàn méjì ní iṣẹ́ yẹn ní àṣepé, tí ó sì mú wọn dúró, yóò gba ọmọ là lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ ju èyí tí ó ra ẹ̀rọ mẹ́wàá tí ó sì tì wọ́n mọ́lé lọ.